Ibi Tí Gọ́tà Parí Sí: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ipa Omi Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Tún Jọ Odò

Bí òjò ńlá bá dá, ojú títì làwọn ènìyàn máa ń wò kí wọ́n tó sọ pé gọ́tà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí títì bá ti gbẹ, wọ́n á ní ìjọba gbìyànjú. Láti bí ọdún mélòó kan, ibi tí gọ́tà parí sí lèmi máa ń lọ wò.

Ẹ̀yìn àdúgbò kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Gọ́tà kankéré tó wà níbẹ̀ kò lábùkù lójú. Ó gún régé, inú rẹ̀ ń dán, ó sì ń gbé omi kúrò níwájú ilé tó pọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká ṣòkòtò sókè. Orí gẹ̀gẹ̀rẹ̀ náà ló já sí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ parí sí. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, koríko ló wà níwájú ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ lóṣù June, ọ̀gbun ni mo bá. Ilẹ̀ pupa gé wálẹ̀ gbọnrangandan bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Gbòǹgbò igi mángòrò kan yọ síta lára ògiri ilẹ̀ náà bí okùn tó já. Abala kankéré tó kẹ́yìn ti dá, ó fì sókè, omi ń kán láti etí rẹ̀ sórí amọ̀. Bí ọkùnrin tó ga bá dúró sínú ọ̀gbun náà, orí rẹ̀ ò ní yọ.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀, Màmá kan ń dá àkùrọ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"O ṣé, ọmọ mi. Ó dáa bó o ṣe yà. Wá wo ohun tí omi fojú mi rí."

Wọ́n gbé ọkọ́ bọlẹ̀ níbi tí ebè tẹ̀tẹ̀ wọn wà lọ́dún tó kọjá. Yanrìn ni. Ojú ọkọ́ wọlé tán pátá kí ilẹ̀ dúdú tó yọ. Wọ́n ní, "Bí odò bá kún, ilẹ̀ dúdú ló máa ń fi sílẹ̀ fún wa. Omi gọ́tà yìí, yanrìn ló ń kó wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yẹn ló wà nídìí ohun tí àwọn onímọ̀ odò àti àwọn enjiníà kan ń jà fún káàkiri ayé báyìí: pé kí ipa omi tí a bá gbẹ́ fún òjò ìlú jọ odò, kó má kàn jẹ́ páìpù tí kò lórí. Ó yẹ kí àwa náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí iṣẹ́ gọ́tà pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lásìkò yìí, àwọn ọ̀gbun náà sì ń pọ̀ sí i.

Agbára tó gbọ́dọ̀ tán níbì kan

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a sì ti sọ kankéré di ọ̀nà kan ṣoṣo tí onílé fi ń kọ̀ fún àgbàrá. Àmọ́ àgbàrá tí a lé kúrò níwájú ilé wa ṣì wà láàyè. Ilé ẹlòmíràn ló ń lọ.

Omi tó ń ti òkè bọ̀ ní agbára lọ́wọ́, agbára yẹn sì gbọ́dọ̀ tán níbì kan. Nínú odò, ojú ọ̀nà ló ti ń tán díẹ̀díẹ̀. Omi ń ha ara mọ́ òkúta, ó ń kọlu gbòǹgbò, ó ń ya kọ́nà, ó ń tàn sórí àkùrọ̀. Nínú gọ́tà tó gún tó sì ń dán, kò rí ibi ná an sí. Ó gbé e dání dé ẹnu gọ́tà, ibẹ̀ ló ti ná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

A lè ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 1889, Robert Manning, enjiníà ará Ireland kan, gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n ìsáré omi nínú gọ́tà títí dòní. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ bí ara ipa omi ṣe rí gbágungbàgun tó. Fún kankéré tó dán, nọ́ńbà náà jẹ́ nǹkan bí 0.013. Fún odò kékeré tó mọ́, tó ń lọ́, ó máa ń tó 0.04. Bí koríko àti igi bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè kọjá 0.07. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ bákan náà tí omi sì jìn bákan náà, omi inú kankéré á sáré tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú odò. Bẹ́ẹ̀ ìsáré ọ̀hún nìkan kọ́ ló ń pọ̀. Bí ìsáré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń gbá ilẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ohun tó gbẹ́ ọ̀gbun ẹ̀yìn àdúgbò yẹn nìyẹn.

Ó ku bí omi ṣe pọ̀ tó. Mílímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Ẹ mú pọ́lọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lítà 32,400 ló gbà. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó jẹ́ 1,296 nìyẹn, lórí pọ́lọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ igbó, ilẹ̀ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá kan páànù sórí rẹ̀ tí a sì fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ àgbàlá láti iwájú dé ẹ̀yìn, gọ́tà ló ń gbà á. Ìjẹ̀bú-Òde sì ń rí òjò tó ju mílímítà 1,500 lọ lọ́pọ̀ ọdún, èyí tó pọ̀ jù á rọ̀ ní June àti July, òmíràn á tún dé ní September àti October lẹ́yìn tí òjò bá ti sinmi díẹ̀ ní August.

Ẹ wo bí Rẹ́mọ ṣe ń fẹ̀. Láti Ṣágámù dé Ògèrè lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ń dúró níbi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú ti dé ààrin Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Mo fẹ́ ìdàgbàsókè yìí, ọmọ wa ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo òrùlé gbàràmù-gbaramu yẹn ló ń da omi sínú àwọn odò kéékèèké kan náà tí àwọn ìyá wa ń pọnmi nínú wọn, ẹnì kan ò sì bi àwọn odò náà léèrè bóyá wọ́n lè gbé e.

Bí odò ṣe ń gbẹ́ ojú ara rẹ̀

Ẹni tó bá ti wẹ̀ nínú odò rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí odò bá ya kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ kan á jìn, ibú á wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì á jẹ́ yanrìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí. Láàárín ibú kan àti òmíràn, omi á fẹ́lẹ́, á máa sáré lórí òkúta, á máa dún. Kò sí odò tó ń lọ tààrà bí ọ̀pá láti orísun dé ẹnu, àfi èyí tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn.

Ètò wà nínú ìyípo yẹn. Luna Leopold, onímọ̀ odò ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2006, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn odò ńlá àti kékeré ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì rí i pé ìyípo odò kan tó pé, láti ìgbà tó yà títí tó fi padà yà sí ibi kan náà, máa ń tó ìlọ́po 10 sí 14 bí odò náà ṣe fẹ̀ tó. Láti ibú kan dé ìkejì máa ń jẹ́ ìlọ́po 5 sí 7 bí odò ṣe fẹ̀ tó. Odò kékeré tó fẹ̀ ní mítà 2 á yípo tán láàárín mítà 20 sí 28, á sì ní ibú kan ní gbogbo mítà 10 sí 14. Èyí tó wú mi lórí jù nínú ohun tí wọ́n rí ni pé odò ń gbẹ́ ojú ara rẹ̀ dé ìwọ̀n omi tó máa ń kún un bámúbámú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún kan sí méjì. Kì í gbẹ́ ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó bá ju ìyẹn lọ, àkùrọ̀ ló ni ín.

Àwọn ìyá wa tó ń dá àkùrọ̀ mọ èyí láìṣe ìṣirò. Wọ́n mọ̀ pé odò ló ni ilẹ̀ náà nígbà òjò, àwọn ló ni ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi bá gun orí àkùrọ̀, ó á tàn, á fẹsẹ̀ balẹ̀, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó kúnná ni ẹrù náà sì máa ń jẹ́. Omi tó ti gọ́tà jáde kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tó gbé dání pọ̀ ju ẹrù tó gbé lọ, ó ní láti wá ẹrù kún ẹrù, ara gẹ̀gẹ̀rẹ̀ ló sì ti máa gé e. Nígbà tó bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí agbára sì dín, yanrìn tó wúwo ló máa kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Orí ebè Màmá ló jù ú sí.

Àwọn tó ti na odò wọn, àti àwọn tó padà lẹ́yìn rẹ̀

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà ní Ìbàdàn. Ní 31 August 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ojú odò náà fẹ̀, tí wọ́n sì fi kankéré tẹ́ ẹ. Ìpinnu yẹn yé mi, nítorí ọkàn ò lè balẹ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní 26 August 2011, omíyalé tún pa èyí tó lé ní 100 nínú ìlú náà. Mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru kankéré: wọ́n ti kọ́lé sí ipa omi, ìdọ̀tí dí ẹnu afárá, òjò ọjọ́ náà sì kọjá kèrémí. Ohun tó dájú ni pé kankéré nìkan ò gbà wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè nìyẹn, nítorí odò Ọ̀nà tí Ògùnpa ń dà sí, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ń gbà lọ sí ọ̀sà. Ohunkóhun tí Ìbàdàn bá yára tú dànù, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, odò Kissimmee ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ fún kìlómítà 166. Láàárín 1962 sí 1971, wọ́n nà án di ojú omi gbọọrọ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 90, kí omi lè tètè lọ. Omi lọ lóòótọ́. Àbàtà gbẹ, ẹyẹ kó lọ, ẹja kú. Ní 1999 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí apá kan lára ohun tí wọ́n gbẹ́, wọ́n ń dá omi padà sí ojú odò àtijọ́. Ọdún 2021 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi nà án, ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi tún un ká.

Àwọn kan á sọ pé ìyẹn di ti òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Singapore, níbi tí ooru mú bíi tiwa, tí òjò ibẹ̀ sì ju tiwa lọ. Odò Kallang tó ń gba inú ọgbà ìgbafẹ́ Bishan kọjá jẹ́ kànáà kankéré tó gùn ní kìlómítà 2.7. Wọ́n fọ́ ọ. Ní 2012 ni wọ́n ṣí odò tuntun tó ń lọ́, tó gùn ní kìlómítà 3.2, tí koríko àti òkúta wà lẹ́bàá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú omi tó dé orúnkún. Bí òjò ńlá bá dé, odò náà á fẹ̀ tó mítà 100, pápá ìṣeré á di àkùrọ̀ fún wákàtí díẹ̀, ilé ẹnikẹ́ni ò sì sí níbẹ̀ tí omi máa wọ̀. Kí wọ́n tó ṣe odò náà, wọ́n kọ́kọ́ dán oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi di ẹ̀bá rẹ̀ mú wò lórí ojú omi kékeré kan nítòsí. Sùúrù yẹn ni mo fẹ́ kí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn ju ẹwà ọgbà náà lọ.

Bá a ṣe lè ṣe é níbí

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ìlú bíi tiwa ni gọ́tà onípele méjì. Àwọn oko ní Ohio àti Indiana ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa gbẹ́ kòtò omi tó fẹ̀ nísàlẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi pèpéle, á sì ṣẹ́ ojú tóóró kan kù fún ara rẹ̀ láàárín. Àgbẹ̀ á tún lọ kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, omi á tún tẹ́ ẹ padà. Nígbà tó yá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ibẹ̀ ní: ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ bí omi ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báyìí ló ṣe rí. Ojú omi tóóró kan wà láàárín fún omi ojoojúmọ́ àti òjò kékeré. Pèpéle koríko wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, ibẹ̀ ni òjò ńlá ti ń tàn. Lẹ́yìn pèpéle ni bèbè tó dà gẹ̀rẹ́ wà: bó bá ga ní mítà kan, kó fà sẹ́yìn ní mítà méjì, kó má bàa ya lulẹ̀. Láti bèbè dé bèbè lórí pèpéle, kó fẹ̀ tó ìlọ́po 3 sí 5 ojú omi àárín. Bí ojú omi bá fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ á gba mítà 4.5 sí 7.5.

Ojú tóóró yẹn ń ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò fiyè sí. Nínú gọ́tà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, omi díẹ̀ á tàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ní lágbára láti gbé yanrìn, yanrìn á dúró, koríko á hù sórí yanrìn, ọ̀rá píọ́ wótà á kọ́ sára koríko. Kí a tó ṣẹ́jú, gọ́tà ti dí. Omi díẹ̀ kan náà nínú ojú tóóró á jìn tó láti máa ti yanrìn lọ. Ibi tó yẹ kó lágbára, ó lágbára níbẹ̀. Ibi tó yẹ kó sinmi, ó sinmi.

Ilẹ̀ wa ò rí bákan náà, iṣẹ́ náà ò sì lè rí bákan náà. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, orí àpáta ni ilẹ̀ jókòó lé. Odò ibẹ̀ ní òkúta tirẹ̀, ẹni tó ń ṣe ipa omi kàn ní láti tò ó ni, kó fi ṣe àtẹ̀gùn kéékèèké tí omi á máa sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn, kí ibú kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan tí omi á ti fi agbára rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá di Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, yanrìn àti ilẹ̀ pupa ló kù. Kò sí òkúta tó máa dá odò dúró níbẹ̀, gbòǹgbò ló ń ṣe é.

Mo máa ń ronú kan Erédò Sùngbọ́ níbi yìí. Ilẹ̀ pupa yìí kan náà ni àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, yàrà àti òkítì tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bíi kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkítì. Níbi tí igbó ṣì bò ó, ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, gbòǹgbò sì gbá a mọ́ra. Ilẹ̀ kan náà tó ń ya lulẹ̀ lẹ́nu gọ́tà wa láàárín ọdún méjì péré nìyẹn.

Àwọn òyìnbó a máa gé ẹ̀ka igi tútù, wọ́n á gún un mọ́ bèbè odò kó lè hù. Àwa náà ní irú igi bẹ́ẹ̀, ara ọgbà ilé la ti ń lò ó. Akòko ń hù bí a bá gún un mọ́lẹ̀. Ìyeyè ń hù. Pẹ̀rẹ́gún tí a fi ń pa ààlà, ẹni tó gbìn ín á kú, á fi í sílẹ̀. Koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ tó mítà 3, dára fún etí bèbè, bàhámà sì dára fún orí pèpéle. Ògùrọ̀ àti kókò á wà níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Ọparun lẹ́wà lẹ́bàá odò ńlá, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí wọ́n gbìn ín sí ojú omi tóóró, nítorí yóò gba gbogbo rẹ̀ tán. Fún apá Ìjẹ̀bú tó wà létí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, omi kì í sáré, àyè tí omi á dúró sí ni wọ́n nílò jù.

Ilẹ̀, ẹ̀fọn àti ìdọ̀tí

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀. Gọ́tà kankéré kò gbà ju mítà kan lọ, èmi sì ń béèrè mítà 7. Ẹ̀bá odò wa, wọ́n ti ń pín in ní pọ́lọ́ọ̀tì tà. Ọmọ onílẹ̀ á tà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ẹni tó rà á, tó jẹ́ pé Èkó ló ń gbé, ò ní mọ̀ pé àkùrọ̀ ni títí June á fi dé. Mo ti rí ìdílé kan tó ń fi báàfù gbọ́n omi kúrò ní pálọ̀ ní aago méjì òru, gbogbo owó tí bàbá wọn fi ṣiṣẹ́ ló wà nínú ilé yẹn. Kò sí ẹni tó lè rí wọn kó sọ pé ẹ kó jáde lásán. Ìdí tí mo fi ń kígbe nípa ẹ̀bá odò tí wọn ò tíì tà nìyẹn: kí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn baálẹ̀ fi òpó sàmì sí i báyìí, kí wọ́n má sì tà á.

Nínú ọjà Òkè-Àjẹ́ àti àwọn òpópónà tóóró ààrin ìlú, kò sí àyè fún odò. Kankéré ló yẹ ibẹ̀, kí ó dúró níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kí wọ́n tún ṣe.

Àwọn ènìyàn tún máa ń bi mí nípa ẹ̀fọn. Ìbéèrè gidi ni, ibà ń pa ọmọ wa. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri nílẹ̀ wa, Anopheles gambiae, fẹ́ràn omi kékeré tó dúró tí oòrùn ń pa, bí inú ipa táyà. Culex tó ń kùn létí wa lóru fẹ́ràn omi ìdọ̀tí, gọ́tà tó dí gan-an ni ilé rẹ̀. Omi tó ń ṣàn, tí ẹja wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn lára mu. Àmọ́ bí ẹni tó ṣe pèpéle ò bá jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ojú omi, adágún á dúró lórí rẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ̀fọn á sì yé sí i. Iṣẹ́ náà fẹ́ ojú tó mọ́.

Ní ti ìdọ̀tí, kò sí irú gọ́tà tó lè bá a jà. Ìyàtọ̀ kan wà ṣáá: odò tí ènìyàn ń rí, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kọjá, ó máa ń nira fún un láti da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ ju kòtò dúdú tí wọ́n fi ìdérí bò lọ.

Ohun tó ń dùn mí nípa iṣẹ́ wa ni bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Nínú àwọn ìwé iṣẹ́ tí mo ti rí, mítà kankéré ni wọ́n ń kà fún agbaṣẹ́ṣe kó tó gba owó. Mi ò rí ìlà kankan tó sọ pé kó padà wá lẹ́yìn òjò méjì láti wo bóyá koríko hù, bóyá bèbè dúró. Bí wọn ò bá fi owó sí ìpadàbọ̀ yẹn, igi tí wọ́n gbìn á kú lóṣù kejì, àwọn ènìyàn á sì sọ pé ọ̀nà náà ò dára.

Àwọn onílé àdúgbò tí mo sọ lókè ṣe ìpàdé lẹ́yìn tí kankéré wọn dá. Èrò tó pọ̀ jù ni pé kí wọ́n fa gọ́tà náà gùn sí i dé ẹsẹ̀ gẹ̀gẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí gẹ̀gẹ̀rẹ̀ yẹn ni omi á ti tún sáré jù, á sì kó gbogbo agbára náà lé orí àkùrọ̀. Ohun tí mo bá wọn sọ ni pé kí wọ́n fi òkúta láti apá Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe àtẹ̀gùn sórí gẹ̀gẹ̀rẹ̀ náà, kí ibú wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di onípele méjì títí yóò fi kan odò, kí wọ́n sì gún akòko àti vetiver sí etí ọ̀gbun kó má bàa gé sí i. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti ń wá kó yanrìn orí ebè Màmá, ìyẹn á dín iṣẹ́ kù.

Wọn ò tíì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni a lè to òkúta, láti November títí di March. Igi àti koríko ń dúró de òjò àkọ́rọ̀. Bí wọ́n bá gún akòko náà ní April, yóò ti ta ewé, gbòǹgbò rẹ̀ á sì ti dì mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí òjò June tó dé ẹnu gọ́tà náà.